Wáyà Bàbá Sadyr Kò Jẹ̀bi

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Jypar,

Mo kí yín láti òkè Naryn. Mo gbà á ládùúrà pé ara yín le ní Talas, kí òtútù má sì mú àwọn ọmọ. Èmi ń gbádùn ilé ọkọ débi pé n kò mọ ibi tí n ó gbé ayọ̀ mi sí. Ìyá Ulan, ọkọ mi, ń pè mí lọ́mọ. Ìdí nìyẹn tí ìtìjú yìí fi wúwo lọ́rùn mi.

Ẹ mọ̀ pé èmi ni mo kọ ètò tó ń ka ìgbóná ọpọlọ kọ̀ǹpútà níbi iṣẹ́ wa ní Bishkek. Bí ìgbóná bá ti kọjá àádọ́rùn-ún, ètò náà á pa kọ̀ǹpútà kó má baà jóná. Òun ni wọ́n ń lò nílé ìwòsàn abúlé yìí, níbi tí ìyá ọkọ mi ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Láràárọ̀ tí òtútù bá mú, kọ̀ǹpútà á kú. Ìyá di ẹ̀bi ru Bàbá Sadyr tó fa iná síbẹ̀: “Sadyr, ṣé okùn ewúrẹ́ lo fà sínú ògiri ni?” Bàbá náà tú wáyà rẹ̀, ó kó o lọ sílé, ilé ìwòsàn sì ṣókùnkùn.

Lánàá, mo bu tíì kún ife àwọn àlejò dé ẹnu, mo gbàgbé pé ife tó kún ló ń sọ fún àlejò pé kó máa lọ. Àǹtí Ulan rẹ́rìn-ín: “Ìyàwó, o ti ń lé wa ni?”

Ìyá ní, “Má wo tíì, ọmọ mi. Àyè tó ṣófo ni kí o máa wò.”

Ibẹ̀ ni mo ti rí àṣìṣe ètò mi. Ohun tó ń wọn ìgbóná lára ọpọlọ kọ̀ǹpútà kì í sọ bó ṣe gbóná tó. Àyè tó kù kó tó dé ọgọ́rùn-ún ló ń sọ, èmi kò sì yọ ọ́ kúrò lára ọgọ́rùn-ún. Bí kọ̀ǹpútà bá ṣe ń tutù tó ni ètò mi ń rò pé ó ń jóná. Ní Bishkek, àádọ́ta ni ìgbóná lọ́jọ́ tí mo dán an wò, àádọ́ta náà ni àyè tó kù, n kò rí ìyàtọ̀.

Mo tẹríba níwájú àlejò: “Ìyá, wáyà kò jẹ̀bi. Èmi ni.” Ìyá ní, “Wọ bàtà rẹ.”

Bàbá Sadyr gbọ́ wa tán lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. “Ẹ lè tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ta ni yóò tún orúkọ mi ṣe?”

Láàárọ̀ yìí, bó ti ń fa wáyà padà, èmi ni mo di àkàsọ̀ rẹ̀ mú. Gbogbo aláìsàn tó wọlé ni mo ń wí fún pé, “Wáyà Bàbá dára, èmi ni mo ṣe àṣìṣe.” Ojú tì mí débi pé n kò lè gbójú sókè. Ìyá dúró tì mí, ó ń wí tẹ̀lé mi pé, “Èmi ni mo sì bú u.”

Kí Ọlọ́run bò yín láṣìírí, kó jẹ́ kí ilé yín móoru.

Èmi ni àbúrò yín, ìyàwó Ulan,
Begaim.

Àfikún: Ulan kí yín. Ó ní mo tún rẹwà sí i bí ojú bá ń tì mí. Mo gbá a létí, ṣùgbọ́n inú mi dùn.