Etí Merjem

Ẹ̀gbọ́n mi Sabiha,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ ní Sweden. Ara Màmá ti ń yá. Wọ́n ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí mọ́sáláṣí.

Ọ̀rọ̀ Merjem ọmọ mi ni mo fẹ́ sọ. Bí Nedžad bàbá rẹ̀ bá ń kọ́ ọ ní Kùránì, kì í dáhùn. Bàbá rẹ̀ a máa ní, "Olóríkunkun lọmọ yìí!" Àfi lọ́jọ́ Jímọ̀ kan tí ọmọ fà á lọ́wọ́: "Bàbá, ẹ bọ́ sápá ọ̀tún. Mi ò gbọ́ yín níbí."

Dókítà tá a gbé e lọ bá ní etí òsì rẹ̀ ò gbọ́ràn dáadáa, pé ẹ̀rọ á ràn án lọ́wọ́. Nedžad sunkún, ó bẹ ọmọ rẹ̀. Merjem ní, "Ó tán, ẹ jẹ́ ká kàwé."

Ẹ bá wa ṣàdúà. Tẹ́ ẹ bá pè é lórí fóònù, ẹ ní sùúrù kó gbé e sétí ọ̀tún. Ọlọ́run á dá àwọn ọmọ wa sí.

Àbúrò yín,
Zumreta