Kọfí Tí Ẹ Bá Wọn Mu Nítorí Mi

                                        Ilé Kọkànlá, Òkè Kẹta,
                                        Àdúgbò Parrucë,
                                        Shkodër.
                                        Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹta, ọdún 2025.

Bàbá Kékeré mi ọ̀wọ́n,

“Ọmọ yìí ti ní àfẹ́sọ́nà níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń lọ. Ti ilé ẹ̀kọ́ yẹn, ọ̀nà àtirí ìwé ni.”

Ọ̀rọ̀ yín nìyẹn, bí ẹ ṣe sọ ọ́ lórí fóònù, bí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì físà ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, àti bí mo ṣe kà á ní Tirana nígbà tí wọ́n ti ìwé ìrìnnà mi padà sí mi láti abẹ́ gíláàsì. N kò fi nǹkan kan kún un, n kò sì yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀. Mo fi í ṣáájú ìkíni nítorí pé òun náà ló ṣáájú gbogbo ohun tí mo ní í bá yín sọ.

Ẹ kú òtútù, ẹ sì kú ìtọ́jú ilé. Ṣé eékún yín kò dà yín láàmú púpọ̀ mọ́? Ṣé Màmá Mrika ìyàwó yín ti bọ́ lọ́wọ́ ikọ́ tó ń bá a jà láti ìgbà Kérésìmesì? Ṣé màlúù ti bímọ, àbí ó ṣì ń jẹ koríko lásán? Ìyá mi sọ fún mi pé yìnyín fẹ́rẹ̀ẹ́ wó òrùlé ibi tí ẹ ń kó koríko pamọ́ sí, pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ gùn ún lọ láti fi ṣọ́bìrì kó o dànù. Mo dúpẹ́ pé ẹ kò ṣubú. N kò fẹ́ kí ohunkóhun ṣe yín kí ẹ tó dá mi lóhùn.

Ara èmi náà le. Mo ń lọ síbi iṣẹ́, mo ń wọn ilẹ̀ fún àwọn tí ń bá ara wọn jà lórí ààlà, mo sì ń padà sílé láti sùn.

Kí ẹ má baà sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò yé yín, ẹ jẹ́ kí n tò ó bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ilé ẹ̀kọ́ kan ní Jámánì gbà mí láti wá kọ́ ìmọ̀ wíwọn ilẹ̀ kún èyí tí mo kọ́ ní Pólì ní Tirana. Ẹ mọ̀ ọ́n nítorí pé ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ fi ìwé náà hàn, ẹ sì da ọtí rakí fún gbogbo ẹni tó wà nínú ilé. Nígbà tí mo ń béèrè físà, fọ́ọ̀mù náà ní kí n kọ nọ́ńbà olórí ilé wa. Bàbá mi ti kú láti ìgbà tí mo ti wà ní kíláàsì kẹfà. Inú ilé yín ni èmi àti ìyá mi ń gbé láti ìgbà náà. Nọ́ńbà yín ni mo kọ, inú mi sì dùn bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ̀ mí, mo pè yín láti ibùdókọ̀. Ẹ óò rántí ohun tí ẹ sọ. Ẹ rẹ́rìn-ín títí èémí fi há yín lọ́nà.

“Háà, Liljeta! Ṣé òun nìyẹn? Ọkùnrin kan tí mi ò mọ orí mọ ìdí ẹ̀ ló pè, ó ń béèrè ọmọbìnrin ilé mi, ọmọ ọdún mélòó ni, ṣé ó ti ní ẹnì kan. Kí lo fẹ́ kí n wí? Kí n ní ó wà ńlẹ̀, kó máa bọ̀?”

Mo gbà yín gbọ́. Kò sí ilé kan ní òkè wa tí kì í dáhùn bẹ́ẹ̀. Bí àjèjì bá béèrè ọmọbìnrin, wọn á ní ó ti ní ọkọ, kí alárinà má baà fẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà wọn. Tereza aládùúgbò wa ti ń sọ fún àwọn tó ń kiri aṣọ pé ọkọ ọmọ òun wà ní Ítálì, nígbà tí ọmọ náà ṣì ń yọ eyín. Èmi náà rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ títí mo fi dé Shkodër. Mo ro pé àṣìṣe tó lè bá ẹnikẹ́ni nínú wa ló bá mi, àti pé ohun tó bá jẹ́ àṣìṣe, àlàyé lè tún un ṣe.

Mo wá pinnu láti béèrè físà náà lẹ́ẹ̀kejì. Mo jókòó, mo kọ àlàyé. Mo ní àṣà ilẹ̀ wa ni. Mo ní àbúrò bàbá mi fi irọ́ kékeré dáàbò bò mí lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀, pé n kò ní àfẹ́sọ́nà kankan níbikíbi. Ọ̀gá mi ní ibi iṣẹ́ kà á, ó ní ó dára, ṣùgbọ́n ẹnu ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà ló gbọ́dọ̀ tún un sọ. Ó ku kí ẹ fọwọ́ sí ìwé kan níwájú nótárì ní Pukë, kí ó lu òǹtẹ̀ sí i. Iṣẹ́ kékeré ni mo pè é.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ ní yìnyín dí ọ̀nà. Nígbà tí yìnyín yọ́, ẹ ní eékún ni. Nígbà tí mo ní n óò wá fi ọkọ̀ gbé yín, ẹ ní awò ojú yín ti fọ́, ẹ kò lè fọwọ́ sí ohun tí ẹ kò rí kà. Mo ní n óò kà á fún yín. Ẹ wá ní: “Gbọ́, ìwọ ọmọ yìí, ilé wa kì í kó ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ lọ síwájú òǹtẹ̀.”

Ibẹ̀ ni mo ti dúró. Bí ọkùnrin kan bá fi àjèjì ṣàwàdà lórí fóònù, kí ló lè mú un bẹ̀rù láti fọwọ́ sí i pé àwàdà ni?

Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo wá kí yín. Màmá Mrika se ẹ̀wà funfun, a fi búrẹ́dì àgbàdo jẹ ẹ́. Ẹ wò mí láti òkè délẹ̀, ẹ ní, “Wo bó ṣe rù! Ọkùnrin wo ló fẹ́ máa dì mọ́ igi?” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ẹ jáde lọ wo màlúù. Èmi àti ìyá mi wà nídìí omi, à ń fọ ife. Mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi sọ̀rọ̀ ìwé náà fún yín. Ó di ife kan mú, kò fọ̀ ọ́, kò sì gbé e sílẹ̀.

“Fi sílẹ̀, ọmọ mi,” ló wí. “Kò lè fọwọ́ sí i.”

“Kí ló dé, Màmá? Ṣebí àwàdà ló fi ṣe.”

“Liljeta, wọ́n wá ní oṣù Kọkànlá. Gjovalin alárinà àti bàbá Zef Palushi, Zef tó ń ṣiṣẹ́ ní Jámánì. Èmi ni mo fọ ife wọn. Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ mọ́, àfi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀.”

Bàbá Kékeré, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí wọ́n ń wá tọrọ Roza ọmọ yín, ẹ ní kí n máa yọjú wo ife láti ẹnu ọ̀nà. Ẹ ní ẹni tó bá wá tọrọ ọmọ kì í fẹnu kan kọfí tí a gbé síwájú rẹ̀, àfi bí bàbá ilé bá sọ pé òun ti fi ọmọ náà fún un. Bí kọfí bá tutù sínú ife, wọ́n ti kọ̀ nìyẹn. Bí ife bá ṣófo, ọmọ ti lọ. Kọfí àwọn tó wá tọrọ Roza tutù lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé Roza ní òun kò fẹ́ wọn. Ìgbà kẹta ló ní òun fẹ́, ìgbà náà ni ẹ sì jẹ́ kí wọ́n mu ún. Ẹ bi Roza. Ẹ kò bi mí.

Mo bi ìyá mi pé kí ló dé tí kò sọ fún mi láti oṣù Kọkànlá. Ó ní, “Abẹ́ òrùlé ta ni mò ń sùn?” Mo gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fọ̀ ọ́.

Ní àná, mo pe Zef ní Jámánì. Ìgbà ìgbéyàwó Roza nìkan ni mo bá a sọ̀rọ̀ rí, nígbà tó ní kí n sún búrẹ́dì sí òun. Ohùn rẹ̀ tutù, ó sì dùn; Bàbá Pashk ló ń pè yín.

“Liljeta, ṣé àlàáfíà ni? Wọ́n ní físà ò jáde. Má ronú jàre, tún un kọ. Bàbá Pashk ní ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ ló yá jù, pé tá a bá ní ká dúró de ìwé ìyàwó, ó máa pẹ́.”

“Zef, ta ló sọ fún ẹ pé mo gbà?”

Mo ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé.

“Wọn ò sọ fún ẹ ni?”

“Wọn ò sọ fún mi.”

Ó ní, “Mo ti kun yàrá o. Bàbá Pashk ní àwọ̀ ewé lo fẹ́ràn.”

Àwọ̀ ewé kọ́ ni mo fẹ́ràn. Ṣùgbọ́n Zef kò ṣẹ̀ mí, n kò sì bú u. Ohun tí ẹ ṣe fún mi náà ni ẹ ṣe fún un: ẹ jẹ́ kí ó máa kun yàrá.

Nítorí náà, ohun tí ẹ sọ lórí fóònù kì í ṣe irọ́ tí ẹ fi lé àjèjì lọ. Òótọ́ ni, lójú yín. Ẹ mọ̀ ọ́n, ìyá mi mọ̀ ọ́n, Gjovalin mọ̀ ọ́n, òṣìṣẹ́ físà náà wá mọ̀ ọ́n. Èmi tí a ń fi fọ́kọ nìkan ni n kò mọ̀. Àlàyé tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ, tí mo fẹ́ kó lọ síwájú wọn, òun gan-an ni irọ́. Mo ti fà á ya. Ẹ̀yin ni ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí n jókòó kọ irọ́ náà, ẹ sì ń wá àwáwí nípa awò ojú kí n má baà mọ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù yìí, ni wọ́n ní kí n kó ìwé mi wá lẹ́ẹ̀kejì. Bí n kò bá kó o dé ọjọ́ náà, ilé ẹ̀kọ́ yóò fi àyè mi fún ẹlòmíràn. Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ yín kì í ṣe ìwé àwàdà mọ́. Ẹ óò lọ sí ilé bàbá Zef, ẹ óò sì gba ọ̀rọ̀ yín padà lẹ́nu ara yín. Lẹ́yìn náà, ẹ óò tẹ̀lé mi lọ sọ́dọ̀ nótárì, ẹ óò fọwọ́ sí i pé ẹ fi mí fún ọkùnrin kan láìjẹ́ kí n mọ̀, pé ẹ ti gbà mí padà, pé ilé ẹ̀kọ́ ni mò ń lọ. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, ó wà nínú àpò ìwé kan náà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Mo kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà nítorí awò ojú yín.

Mo mọ ohun tí ẹ óò sọ. Ẹ óò ní ọ̀rọ̀ tó bá ti jáde lẹ́nu ọkùnrin ilé wa, kì í padà sẹ́nu. Ẹ óò ní ojú wo lẹ fẹ́ fi wo bàbá Zef nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú tí ẹ fi wò mí nídìí ẹ̀wà ní ọjọ́ Ìsinmi, ẹ fi wò ó. Ẹ óò ní bí bàbá mi bá wà láàyè, ohun tí òun náà ìbá ṣe nìyẹn. Bàbá mi kò sí nínú yàrá náà, kò sì mu kọfí kankan. Ẹ má fi í ṣe ẹlẹ́rìí.

Bí ẹ kò bá lọ, èmi yóò lọ. N óò dúró nínú àgbàlá bàbá Zef ní ọ̀sán gangan, n óò sì sọ fún un pé ohun tí kì í ṣe tiyín lẹ fi fún un. Mo mọ̀ pé ìyẹn kò ní mú físà jáde. Láìsí ìwé yín, wọn yóò kọ̀ mí lẹ́ẹ̀kejì, n óò sì máa wọn ilẹ̀ onílẹ̀ ní Shkodër títí orí mi yóò fi funfun. N óò fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n n kò ní fi ẹsẹ̀ mi tẹ yàrá aláwọ̀ ewé yẹn láéláé. Ìyá mi pẹ̀lú kò ní sùn lábẹ́ òrùlé yín mọ́, bí ẹ fọwọ́ sí i, bí ẹ kò fọwọ́ sí i. Mo ti gba yàrá kejì níbí, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sì ti wà níbẹ̀.

Ẹ bá mi kí Màmá Mrika, ẹ sọ fún un pé ẹ̀wà rẹ̀ dùn. Ẹ bá mi kí Roza, àti ọkọ rẹ̀ tó fi ẹnu ara rẹ̀ yàn. Ẹ má bá ìyá mi jà. Ife ni ó sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni àjọ̀dún ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ooru, kò sí ọ́fíìsì kan tí yóò ṣí. Nítorí náà, n óò wá sílé yín ní Ọjọ́bọ̀, ní àárọ̀. N kò ní lọ sídìí omi. Ìjókòó àlejò ni n óò jókòó sí, níbi tí Gjovalin jókòó sí. Kí Màmá Mrika gbé kọfí wá fún mi, kó fi ṣúgà sí i bí ó ṣe máa ń ṣe. N óò gbà á, n óò gbé e sílẹ̀ níwájú mi, n kò sì ní fẹnu kàn án. Ẹ mọ ohun tí mo gbọ́dọ̀ gbọ́ kí n tó mu ún.

                                        Èmi ni ọmọ ẹ̀gbọ́n yín,
                                        tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi fún ẹnikẹ́ni,
                                        Liljeta Nikprendi.

Ọjọ́ tí ìdáhùn yín gbọ́dọ̀ dé etí mi: Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹta, kí nótárì Pukë tó ti ilẹ̀kùn.