Táyà Yìnyín Yín Wà Lábẹ́ Ibùsùn Mi

Bàbá àgbà mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àìríra o. Ṣé ojú tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ti ń ríran? Ẹ bá mi kí Àǹtí Solange tó gbà yín sílé. Yunifásítì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ṣì ń dẹ́rù bà mí.

Mo fọ iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù kúrò lára táyà tí ẹ fi ń wakọ̀ lórí yìnyín, wọ́n gbẹ, mo fi ọ̀rá dúdú wé wọn, mo sì tẹ́ wọn sábẹ́ ibùsùn mi níbi tí oòrùn kò dé. Bí mo bá sùn, òórùn rọ́bà ń gbé mi wọnú yìnyín, ẹ̀yin lẹ sì ń wakọ̀.

Màmá ní, "Odile, ṣé o ń sàba lé táyà ni? Jẹ́ ká tà wọ́n jàre. Bàbá ò lè wakọ̀ mọ́."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tà wọ́n. Mo ti ń kọ́ ọkọ̀ wíwà. Ọlọ́run á mú yín délé kí yìnyín tó bọ́, ẹ ó jókòó tì mí, èmi ni n ó wa ọkọ̀ gbé yín.

Odile yín