Pépà Tó Kún Yàrá Yín

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo mọ̀ pé ẹ kì í fẹ́ kí èèyàn fi ìkíni fa ọ̀rọ̀ gùn, ẹ ó ní kí n sọ ibi tó ti ń dùn mí. Ó dáa. Ara mi ò balẹ̀, Bàbá. Mo ń dìde, mo ń jókòó, mo tún ń dìde. Maṣíìnì wà níwájú mi, aṣọ wà lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ mi ò lọ síbi tó yẹ kó tẹ̀. Mo bá mú bírò.

Bọ̀dá dé láti Kàdúná nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dá òun àti ọ̀pọ̀ èèyàn dúró níbi iṣẹ́, wọ́n ní kò sí ohun èlò mọ́. Ó kó ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta wálé. Ibo ni wọn ì bá wọ̀ bí kò ṣe yàrá yín? Òun ni àgbà, yàrá bàbá rẹ̀ ni. Mi ò lè jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ohun tó wà nínú yàrá náà.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ bẹ̀ yín pé kí n fi pépà díẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín? Díẹ̀ yẹn ló di ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ló di orí kọ́bọ́ọ̀dù, ló gun ògiri títí dé ojú fèrèsé. Ẹnikẹ́ni tí mo bá fẹ́ ránṣọ fún, mo máa ń kọ́kọ́ gé ìwọ̀n rẹ̀ sára pépà àpò sìmẹ́ńtì: apá rẹ̀, ọrùn rẹ̀, ìbàdí rẹ̀. Màá kọ orúkọ rẹ̀ sí i, màá ká a, màá fi okùn dì í. Tí ẹ bá sùn lọ́sàn-án tí eku ń ha pépà lábẹ́ yín, ẹ ó kàn fi ọ̀pá na irin bẹ́ẹ̀dì, ẹ ó sì yíjú sí ògiri. Ẹ ò fìgbà kan ní kí n kó wọn jáde. Ṣé ó ń dí yín lọ́wọ́ nígbà náà? Mi ò bi yín rí.

Pépà wọ̀nyẹn ni ṣọ́ọ̀bù mi, Bàbá. Èmi tí mi ò ní ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín lọ, ohun tó ń mú àwọn kọ́sítọ́mà padà wá ni pé ẹni tó wà ní Èkó lè fi aṣọ rán awakọ̀ sí mi, kó ní kí n rán an bíi ti ọjọ́sí. Kò ní wá wọn ara mọ́. Ibo ni mo fẹ́ kó wọn lọ?

Mo lọ bá Àlàájà tó ń ta aṣọ lọ́jà, ẹni tí ẹ kọ́ ọmọ rẹ̀ níwèé. Ó fún mi ní igun kan nínú sítọ́ọ̀ rẹ̀, kò gba kọ́bọ̀. Mo kó àpò kan lọ. Nígbà tó yá mo fi òmíràn lé e, mo tún fi òmíràn lé e. Ló bá ránṣẹ́ pè mí.

“Ìwọ ọmọ Tíṣà, ó tó báyìí. Igun kan ni mo fún ẹ, o ti ń gba ògiri mọ́ mi lọ́wọ́.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Àlàájà, ẹ mú sùúrù fún mi díẹ̀.”

“Wàláhì, mo fẹ́ràn ẹ. Ṣùgbọ́n ẹrù Iléyá ń bọ̀, pépà tìẹ yìí ṣe ló ń bímọ. Èyí tó bá gba igun yẹn, fi í síbẹ̀. Èyí tó bá lé, kó o lọ.”

Kò ṣẹ̀ mí. Mo kó èyí tó lé wọ mọ́tò, ó di Odògbólú, ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi tí a jọ kọ́ iṣẹ́. Ó ní àjà ilé wọn ṣófo. Láti ọjọ́ náà ni ìsinmi ti kúrò lára mi. Àwọn kan wà lọ́jà, àwọn kan wà ní àjà Odògbólú, àwọn kan wà lábẹ́ maṣíìnì tí mo ń gbé ẹsẹ̀ lé. Bí ẹnìkan bá ti ní “Àgò onílé o,” màá fò dìde. Ti ta ni? Ibo ni mo fi í sí? Nígbà míì màá wọ mọ́tò lọ sí Odògbólú láìsí iṣẹ́ kankan tí mo fẹ́ jẹ́, màá kàn gòkè wò wọ́n, màá sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí bí ẹni pé orí mi ti fẹ́ yí.

Bọ̀dá náà ò gbádùn. Láràárọ̀ ló ń múra bí ẹni tó fẹ́ lọ síbi iṣẹ́, á rìn dé ẹnu ọ̀nà, á dúró, á padà. Ìyàwó rẹ̀ tí kì í ṣe ọmọ Ìjẹ̀bú ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń se ìkọ́kọrẹ́, ó ń korò, a sì ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Obìnrin kan wá láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, opó ni. Èmi ni mo rán gáùn ìgbéyàwó rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ fẹ́ lọ sílé ọkọ, ó sì fẹ́ kí n rán irú rẹ̀ gan-an fún un. Mo sáré lọ sí Odògbólú. Bàbá, òjò ti jò wọ àjà náà. Pépà ti lẹ̀ mọ́ra wọn bí ẹ̀kọ tó ti bàjẹ́, tàdáwà ti ṣàn, mi ò mọ orúkọ ta ni ta ni mọ́ lára ọ̀pọ̀ wọn. Ọ̀rẹ́ mi kúnlẹ̀, ó ń sunkún. Kí ni kí n bá a jà sí? Àyè tó ní ló fún mi.

Mo lọ sọ fún obìnrin náà nílé rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Ó wọlé, ó gbé gáùn náà jáde, ó ṣì funfun.

“Tú u,” ló wí. “Fi gé pépà mìíràn.”

“Àǹtí, gáùn ìgbéyàwó yín mà ni.”

“Mo mọ̀. Ta ni mo ń wọ̀ ọ́ hàn? Tú u.”

Mo tú u níwájú rẹ̀, mo gé pépà lára rẹ̀, mo sì rán an padà bó ṣe wà.

Nínú pépà Odògbólú, èyí tí kò tíì rà, mo gbé e wálé nínú agbọ̀n, mo sá a sí àgbàlá, mo fi òkúta lé e. Bọ̀dá jáde sí mi. Mo rò pé á bínú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi to òkúta.

“Àwọn wo nìyí?”

“Kọ́sítọ́mà mi ni.”

“Èyí tó gùn yìí ńkọ́?”

“Bàbá ni.”

Ṣòkòtò ìdúpẹ́ ìfẹ̀yìntì yín ni. Ó gbé e sí ara ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti rù, Bàbá, ó ti rù títí ó fi rí bíi yín.

“Bá mi rán an. Wọ́n ní kí n wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní Abẹ́òkúta, gbogbo ṣòkòtò mi ń já bọ́.” Ó tún wo ilẹ̀ yíká. “Kí ló dé tí kálukú ò lè gbé tirẹ̀ sílé ara rẹ̀?”

Mi ò rò ó rí. Mo ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n sì ń wá. Ìyá elépo òdìkejì títì tú tirẹ̀, ó gbé e mọ́ ìbàdí, ó rẹ́rìn-ín títí ìró rẹ̀ fi tú. “Èmi rèé? Ta ló wá fi ẹlòmíràn kún mi?” Àwọn kan ò gbà, wọ́n ní ọ̀dọ̀ mi ló yẹ kó wà. Mo gbọ́ pé ẹnìkan ti fi tirẹ̀ di àkàrà. Kí ni mo máa ṣe fún ìyẹn? Ti àwọn tó ti kú ńkọ́, ta ni kí n kó o fún?

Wọ́n gba Bọ̀dá síṣẹ́. Òun àti ìyàwó pẹ̀lú àwọn ọmọ kó lọ sí Abẹ́òkúta lọ́jọ́ Sátidé. Yàrá yín ti ṣófo, mo lè kó gbogbo nǹkan padà, Àlàájà gan-an ti ń béèrè ìgbà tí n ó kó tọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ń ṣílẹ̀kùn, mo ń dúró, mo ń tì í padà. Èmi tí mò ń wá àyè kiri, àyè ti wà, mi ò mọ ohun tí n ó fi ṣe.

Kí wọ́n tó lọ, ìyàwó Bọ̀dá to àwọn ọmọ rẹ̀ síwájú mi. Ó ní kí n gé àwọn ọmọ náà sára pépà, kí a lè mọ bí wọ́n ṣe máa ti dàgbà tó tí wọ́n bá wá ṣe Kérésìmesì. Èyí tó kéré jù, ẹ ò rí i kí ẹ tó papò dà. Mo tẹ́ pépà tirẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì yín lọ́sàn-án yìí, láti ibi ìrọ̀rí, kí ẹ lè rí i. Kò tilẹ̀ dé ìdajì bẹ́ẹ̀dì.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tó ṣì ń ránṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín, tó sì fẹ́ràn yín.