Bàbá Sirajudeen Sẹ̀tónjí, Ẹni Tí Wọ́n Gbà Síṣẹ́ Nígbà Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún

Ẹ káàbọ̀ o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ bá wa pé síbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Oṣù kọkànlá ọdún 1959 ni wọ́n bí Bàbá wa, Sirajudeen Sẹ̀tónjí, ní Iworo, létí ọ̀sà. Bàbá wọn, Sùlàímọ́nù, apẹja ni, àwọn ẹja pàápàá mọ̀ ọ́n lórúkọ. Kankon ni ìyá wọn ti wá, Ẹ̀gùn pọ́ńbélé, tí kì í pe àgbọn ní àgbọn. "Agọnkẹ́" ni wọ́n ń pè é títí wọ́n fi kú. Ọjọ́ tí wọ́n bí Bàbá, òkun dákẹ́ kó lè gbọ́ igbe ọmọ. Ẹni tí kò bá gbà á, kó lọ bi òkun.

Wọ́n wọ ilé ìwé ní 1966, wọ́n kà á dé ìwé mẹ́rin. Ìwé mẹ́rin ayé ìgbà yẹn ju yunifásítì ìsinsìnyí lọ. Ní 1986 wọ́n fẹ́ Màmá wa, Nurat, ọmọ Gbaji. Ọkùnrin méje ni Bàbá lé sẹ́yìn kí wọ́n tó rí Màmá fẹ́. Màmá ní méjì péré ni. Ẹ jẹ́ ká fi í sí méje.

Iṣẹ́ gan-an ni ọ̀rọ̀ Bàbá. Ní 1994 wọ́n wọ kọ́ńpìnì kan tó ń fún òróró àgbọn lẹ́bàá títì ní Gbaji. Àgbọn bíbó lórí irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni iṣẹ́ wọn. Kí ẹlòmíì tó bọ́ ẹ̀wù lára, Bàbá á ti bó ẹgbẹ̀rún kan. Síbẹ̀, káṣúà ni wọ́n ń pè wọ́n, òṣìṣẹ́ tí kò ní lẹ́tà. Bí oṣù mẹ́ta bá ti pé, kọ́ńpìnì á gba káàdì lọ́wọ́ gbogbo káṣúà, á ní kí wọ́n lọ sinmi nílé fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí wọ́n bá padà, wọ́n á gba káàdì tuntun, nọ́ńbà tuntun, bí ẹni pé àná ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sáyé.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń fi lẹ́tà iṣẹ́ kan ṣoṣo yangàn, ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n gbà yín! Ìgbà mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ni wọ́n gba Bàbá wa síṣẹ́ kan náà. A mọ iye ẹ̀, torí ìgbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ lọ gba káàdì, wọ́n á kọ́kọ́ gbin àgbọn kan sórí ilẹ̀ wa ní Iworo. A fẹ́ kọ igba síbí, Màmá ní ká má purọ́ mọ́ òkú.

Oṣù kẹjọ ọdún 2019 làwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá ka káṣúà. Ẹni tó bá ti lo ju ọdún kan lọ nínú fọ́ọ̀mù wọn, kọ́ńpìnì gbọ́dọ̀ fún un ní lẹ́tà, kó di sítáàfù. Mánéjà ti kìlọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà: ẹni tó bá sọ ju ohun tó wà lórí káàdì ẹ̀ lọ, kó má padà wá mọ́. Oṣù mẹ́ta ló kù kí Bàbá pé ọgọ́ta ọdún, kọ́ńpìnì kì í sì í gba ẹni tó bá ti pé ọgọ́ta. Ṣé kí wọ́n lọ sílé bí ẹni tí kò ṣiṣẹ́ níbì kankan rí ni? Ọkùnrin mẹ́tàdínlógójì tò sẹ́yìn wọn lórí ìlà, wọ́n ń wo ẹnu wọn.

Arábìnrin Mùínàt, òṣìṣẹ́ ìjọba tó mú fọ́ọ̀mù dání, ní, "Bàbá, ó ti tó ìgbà wo tí ẹ ti wà níbí?"

Ẹ̀rù ba kìnnìún wa o. "Oṣù méjì, ìyá mi."

Abdulqoyyum, olùṣọ́ géètì, bú sẹ́rìn-ín. "Oṣù méjì kẹ̀? Sẹ̀tónjí! Oṣù méjì tó hu ewú! Ìgbà tí o dé ibí, irun ṣì kún orí mi!"

Gbogbo ìlà rẹ́rìn-ín. Bàbá fọwọ́ bojú, wọ́n mí kanlẹ̀. "Ẹ pa á rẹ́, ìyá mi. Irọ́ ni mo pa. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni."

Mánéjà fò dìde. "Káṣúà ni wọ́n! Ẹni tó wá lónìí, tí a ò mọ̀ bóyá yóò wá lọ́la, òun là ń pè ní káṣúà."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ò mọ̀ ni, àbí òun ni ò mọ̀?" Mùínàt ló bi í bẹ́ẹ̀.

"Èmi mọ̀ o," Bàbá dáhùn. "Bí àgbọn bá wà ní bíbó lójoojúmọ́, tí èmi náà sì wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, èwo ni káṣúà nínú àwa méjèèjì?"

Mánéjà ní ẹ̀rí dà. Bàbá ní kí wọ́n wọ mọ́tò, ó di Iworo. Obìnrin yẹn ka àgbọn títí bàtà ẹ̀ fi já. Èyí tó ṣáájú ń fi orí gún ojú ọ̀run, èyí tó kẹ́yìn ò ga tó ewúrẹ́, àwọn tó kù tò ní gíga bí ọmọ ìyá kan náà. Mùínàt kọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé Gbaji, gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà ló ń pariwo ọdún tiwọn.

Oṣù kọkànlá ni lẹ́tà dé, méjìdínlógójì. Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí Bàbá pé ọgọ́ta. Sítáàfù ọjọ́ mọ́kànlá! Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa lọ bó àgbọn, wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá, ẹlẹgbẹ́ mi." Kò sí ọ̀gá àgbà tó jẹ ayé iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nínú ẹ̀sìn, àwọn ló ń pe ìrun ní mọ́sálásí àdúgbò wa láti 2020. Ohùn wọn a máa kọjá bọ́dà Sẹmẹ láìní páásípọ́ọ̀tù. Nínú ìlú, àwọn ni wọ́n ń parí ìjà ilẹ̀, àfi ìjà tí àwọn fúnra wọn bá dá sílẹ̀.

Àlàmísì tó kọjá ni wọ́n lọ, lẹ́ni ọdún márùndínláàádọ́rin. Wọ́n fi Màmá wa Nurat sílẹ̀, àti àwa ọmọ, Zulaikha, Khaleel àti Fàúsátù, pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ, Zàíd, Aaliyah, àti èyí tó wà nínú oyún Fàúsátù, tó ti ń ta ìpá bíi bàbá àgbà.

Lónìí náà, Àlàmísì ni, ọjọ́ iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wẹ̀yìn. Láyé káṣúà, ẹni tó bá lọ sin òkú, ẹlòmíì á ti dúró sáyè ẹ̀ kó tó dé. Ọkùnrin mẹ́tàdínlógójì ló kọ̀wé gba àyè lọ́sẹ̀ yìí, mánéjà sì fọwọ́ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ló wà lórí àga wọ̀nyẹn, tí wọ́n ń sunkún bó ṣe wù wọ́n, tí iṣẹ́ wọn ń dúró dè wọ́n.

Bàbá wa, Ọlọ́run á fi Àlùjánnà ṣe ilé fún yín. Ẹ sùn ire, ẹ sùn pẹ́. Kò sẹ́ni tó máa ní kí ẹ dìde lọ gba káàdì mọ́.