Bàbá Tó Ń Kó Èédú Sínú Iná Ọkọ̀

                                        Ojúlé Kẹrin,
                                        Òpópónà Ẹ̀yìn Ibùdókọ̀.
                                        Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹsàn-án.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Olóhùn-Iyọ̀,

Bàbá àgbà Ọ̀gá Báǹkì pàṣẹ fún omi òkun, omi òkun sì gbọ́. Bí ó bá dúró síwájú ọkọ̀, ìjì á tẹ́ ẹní, á sùn. Àwọn ọba ilẹ̀ òkèèrè á sì jáde wá pàdé rẹ̀ ní èbúté.

Má tíì pe dókítà sí mi. Ọ̀gá Báǹkì, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló dìde sọ bẹ́ẹ̀ níwájú gbogbo ẹbí, tó gbé ọwọ́ lé àyà. O rántí rẹ̀: òun ló sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, títí àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní fi sùn lórí àga. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí ọ ná. Ṣé dáadáa ni o wà? Baálé rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ti gbà kó gun àtẹ̀gùn, àbí ìsàlẹ̀ ilé ló ṣì ń sùn? Àbúrò rẹ tó ń ránṣọ, ṣé ojú rẹ̀ ti sàn? Ara tèmi le, bí a bá yọ ti owú kúrò. Owú ni, n kò ní fi pa mọ́ fún ọ. Wọ́n ní òjòwú kò lẹ́ran láyà; mo ti fọwọ́ tọ́ tèmi wò, ó ṣì kù díẹ̀.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni mo ti ń wá bàbá tó bí bàbá mi. Ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀ kò pọ̀: ó ń bá ọkọ̀ akẹ́rù lọ sójú òkun, ó ń wálé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, títí dìgbà tí kò wá mọ́. A kò ní àwòrán rẹ̀. Mo wá sọ ilé àkójọ ìwé àtijọ́ di ilé kejì, níbi tí wọn kì í jẹ́ kí ènìyàn mú bírò wọlé, àfi pẹ́ńsù. Obìnrin ibẹ̀ á gbé ìwé orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ wá, èmi á máa kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń pe orúkọ ní kíláàsì. Bàbá kò dáhùn.

Ọ̀gá Báǹkì ní tirẹ̀ kàn sọ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ọmọ náà tẹ orúkọ bàbá sórí kọ̀ǹpútà, ó ń jẹ ẹ̀pà lọ́wọ́. Kí ẹ̀pà tó tán, bàbá ti jáde lórí káàdì tí wọ́n fi ń dá àwọn òṣìṣẹ́ ojú omi mọ̀, pẹ̀lú àwòrán, gíga àti àpá ara. Èmi ń wá a láti inú ìwé ọkọ̀ kan bọ́ sí òmíràn. Àwọn kàn fi orúkọ rẹ̀ wá a. Ojú mi ló ṣú, ẹlẹ́pà ló ríran.

Ọ̀gá Báǹkì ní kí wọ́n sọ àwòrán káàdì náà di ńlá fàkìà-fakia, ó fi férémù aláwọ̀ wúrà sí i, ó kọ “Ọ̀gá Atukọ̀” sára rẹ̀. Mo rí i pé férémù bo ìsàlẹ̀ káàdì. Olùkọ́ ni wá. Ọmọ tó bá fi ọwọ́ bo ìwé rẹ̀, a mọ ìdí. Mo padà lọ wo káàdì gan-an lórí kọ̀ǹpútà. Níbi tí wọ́n kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí, kò sí ọ̀gá, kò sí atukọ̀. Ṣọ́bìrì ni bàbá wa fi ń kó èédú sínú iná tó ń mú ọkọ̀ rìn, nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí kò ti lè rí òkun rárá. Ọ̀rẹ́ mi, mo jó dé ibùdókọ̀.

Ẹbí ti pe ìpàdé láti yan ẹni tí yóò máa tọ́jú ìtàn bàbá. Ẹni tí wọ́n bá yàn ni Àǹtí, àbígbẹ̀yìn ọmọ bàbá, yóò gbé kọ́ọ̀pù tánganran bàbá lé lọ́wọ́, ohun kan ṣoṣo tó kù nínú ẹrù rẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń wo kọ́ọ̀pù yẹn bí ológbò ṣe ń wo ẹja. Bí Ọ̀gá Báǹkì ti mú ìjì sùn tán, mo dìde.

“Ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀gá, iṣẹ́ wo ni wọ́n kọ sábẹ́ férémù yẹn?” Mo sì sọ ọ́ fún wọn.

Ọkùnrin náà yọ áńkáṣíìfù, ó nu ojú. “Ẹ ò rí i báyìí? Kí ló ń mú ọkọ̀ rìn? Iná! Ta ló ni iná? Bàbá mi! Ẹni tó dúró sókè yẹn, èrò ọkọ̀ lásán ni!” Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní abájọ tí ooru kì í fi í mú un. Epo ni mo lọ rọ síná.

Àǹtí ní kí wọ́n gbé àwòrán wá. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kàn án. Ó wá fa Ọ̀gá Báǹkì mọ́ra, ó fọwọ́ tọ́ iwájú orí rẹ̀, imú rẹ̀, etí tó yọ síta bí ọwọ́ ìkòkò. “Bàbá mi rèé,” ló wí. “Ojú kan náà.” Ó gbé kọ́ọ̀pù lé e lọ́wọ́. Ta ló lè bá imú jiyàn?

Ojú kì í ti àgbà, mo bá kúnlẹ̀, mo gbé ojú tèmi náà síwájú. “Àǹtí, èmi ńkọ́?”

Ó fọwọ́ pa ojú mi títí. “Olùkọ́,” ló wí, “o gbìyànjú gan-an ni.”

Ìwọ náà mọ irú ọmọ tí a máa ń kọ ìyẹn sí káàdì èsì ìdánwò rẹ̀.

Bá mi kí baálé rẹ, kó máa fi epo pa orúnkún. Kí àbúrò rẹ, kí àwọn ọmọ, kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn olùkọ́ àtijọ́ tó bá ṣì ń béèrè mi. Mo ní ẹ̀dà àwòrán bàbá lórí tábìlì níbí. Láàárọ̀ yìí mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí, mo yọ awò ojú, mo tún un wọ̀. Imú kò bára mu, etí kò bára mu, àgbọ̀n kò sún mọ́ra. Ta ni mo wá jọ?

Èmi ni tìrẹ, láìyẹsẹ̀,
Olójú-Mẹ́rin