Ẹ̀yìn Píkọ́ọ̀pù Yín Ti Wọ Rọ́bà

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo mọ̀ pé lẹ́tà kì í dé ibi tí ẹ wà, àmọ́ mi ò rí ẹlòmíì tí mo lè sọ ọ̀rọ̀ yìí fún. Tí mo bá sọ ọ́ fún bàbá Àmíná, á ní kí n lọ sinmi. Tí mo bá sọ ọ́ fún ìyá onílé wa, wọ́n á ti sùn lọ kí n tó dé ìdajì. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè gbọ́ ọ̀rọ̀ píkọ́ọ̀pù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láì yán.

Àmíná ti ń rìn. Ó ti hu eyín mẹ́rin, ìkarùn-ún ló ń yọ ọ́ lẹ́nu báyìí. Oṣù méjì ló kù kí n bí i nígbà tí ẹ lọ. Mo máa ń rò ó nígbà míì pé ẹ̀ bá ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ọwọ́ yín títí dé ìgbọ̀nwọ́ kí ẹ tó gbé e, bí ẹ ṣe máa ń ṣe kí ẹ tó gbé ọmọ ẹnikẹ́ni, kí òórùn ẹja má bàa kọjá sí wọn lára. Èmi náà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí, torí èmi ni mo ń wa ọkọ̀ yín. Mò ń kó páálí ẹja yinyin láti ilé yinyin tó wà ní Olúyọ̀lé lọ fún àwọn oníbàárà yín ní Bódìjà. Wọn ò fẹ́ gbà kí obìnrin kó ẹja wọn lákọ̀ọ́kọ́, àmọ́ nígbà tí wọ́n rí i pé mi kì í pẹ́, wọ́n gbà.

Ẹ rántí ihò tó wà nílẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀, lápá táyà ọ̀tún? Ó ti bímọ. Wọ́n di mẹ́rin. Ilé yinyin sì ti ní ọ̀gá tuntun. Àwọn ará àdúgbò ló lọ ráhùn pé omi ẹja ń kán sójú títì wọn, ó ń rùn, ni ọ̀gá bá pàṣẹ pé ọkọ̀ tó bá ń jò kò gbọdọ̀ wọlé mọ́. Bàbá kan tó ń ṣọ́ géètì ló máa ń da garawa omi kan sẹ́yìn ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, á wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo abẹ́ rẹ̀. Tèmi kò tiẹ̀ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀. Omi náà fọ bàtà rẹ̀ ni. Ó ní kí n máa lọ, kí n má padà wá àfi tí mo bá ti tún un ṣe. Àwọn oníbàárà yín ní àwọn lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dúró dè mí, kò lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kejì ni Bùọ̀dá Làsísì, àkọ́bí yín, dé sí ilé wa ní Agbówó. Wọ́n ní àwọn ti rí ẹni tó máa ra ọkọ̀ náà, tó máa gé e wẹ́wẹ́, tó máa tà á bí irin àlòkù. Wọ́n ní kí n lọ wá ṣọ́ọ̀bù kékeré kan jókòó sí, kí n máa ta bisikíìtì, pé ìyá ọmọ kò ní nǹkan ṣe nídìí ọkọ̀ ẹja. Ẹ mọ bí ẹnu wọn ṣe rí. Mo bẹ̀ wọ́n títí, a wá jọ fẹnu kò pé tí wọ́n bá tún dá mi padà ní géètì nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá pé, kí wọ́n máa gbé ọkọ̀ lọ. 

Gbogbo ẹni tí mo bi léèrè ló ní oògùn tirẹ̀. Wẹ́dà kan ní Ring Road ní kí n jó irin tuntun lé ti àtijọ́, kó parí síbẹ̀. Àmọ́ iyọ̀ tó jẹ tàkọ́kọ́ á jẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì náà. Ẹlòmíì ní kí n da ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì sí i. Mo rò ó pé oòrùn á yọ́ ọ, òórùn rẹ̀ á wọnú páálí, ta ló máa wá jẹ ẹja tó ń rùn bíi títì? Ní Dùgbẹ̀, wọ́n fi ike dúdú kan hàn mí tó rí bí ọpọ́n ìwẹ̀ ńlá, tó bá ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù mu gẹ́lẹ́. Ó wù mí. Ó kù díẹ̀ kí n sọ pé mo ti mú un, ni mo bá gbé etí rẹ̀ sókè, mo sì ro ohun tí ẹ̀yin ì bá bèèrè. Omi tó bá gba abẹ́ ike yìí wọlé, ibo ló máa gbà jáde? Mo fi ike náà sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á, mo bá tèmi lọ.

Ní Challenge ni mo ti wá pàdé Ọ̀gá Múfú. Pẹ́ńtà ọkọ̀ ni. Ó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ní Port Harcourt lọ́dọ̀ àwọn tó ń wa epo rọ̀bì, níbi tí wọ́n ti máa ń fín rọ́bà sẹ́yìn ọkọ̀ tó ń kó irin, bí ìgbà tí èèyàn ń fín pẹ́ńtì. Ó kó díẹ̀ bọ̀ wálé, dúrọ́ọ̀mù kékeré méjì. Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ohun tó wà nínú wọn ń ṣàn bí oyin. Tí wọ́n bá ti pàdé, kí èèyàn tó kí ìrun kan tán, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gan, wọn ò sì ní ṣàn mọ́ láéláé.

Mi ò gbà á gbọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó fún mi ní irin pelebe kan tó ti fín in sí, mo gbé e relé. Mo fi omi ẹja àti iyọ̀ rẹ ẹ́ nínú bàsíà fún ọjọ́ márùn-ún. Mo sá a sóòrùn. Mo fi ọ̀bẹ họ etí rẹ̀. Mo gbé ọmọ ọlọ lù ú títí ìyá onílé fi bèèrè lójú fèrèsé bóyá bàbá Àmíná ló ṣẹ̀ mí. Kò bó. Ara rẹ̀ rí ṣákaṣàka díẹ̀ bí èèpo ọsàn, páálí ò ní máa yọ̀ lórí rẹ̀. Ìwà yín ni mo hù. Ẹ̀yin lẹ máa ń so okùn tuntun mọ́ igi máńgòrò, tí ẹ á fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn, kẹ́ ẹ tó gbà á láyè láti di ẹrù oníbàárà.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan síbí. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdìrì, mo ní kí ẹ máa já mi sílẹ̀ kí a tó dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé, kí àwọn ẹgbẹ́ mi má bàa rí ọkọ̀ ẹja. Ẹ ò bi mí ní ìdí. Láti ọjọ́ náà lẹ ti ń dúró jìnnà, tí ẹ á sì yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Ọkọ̀ tí mo sá fún yẹn náà lẹ fi kọ́ mi ní mọ́tò wíwà lẹ́yìn tí mo ṣe ìdánwò àṣekágbá, nígbà tí Bùọ̀dá ní kí ẹ má kọ́ mi. Mi ò tọrọ àforíjì rí. Ṣé ó dùn yín lọ́jọ́ yẹn? Kí ló dé tí ẹ ò bínú sí mi?

Ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n jó irin dí ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀gá Múfú wá fi ẹ̀rọ họ gbogbo ilẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀, ìpẹtà àti pẹ́ńtì àtijọ́ jọ lọ. Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó fi tínà nù ún. Bàbá, ó funfun bí ṣíbí tuntun. Ó ku kó fín in, iná bá lọ, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ dákẹ́. Ó ní kí n gbé ọkọ̀ lọ sílé, kí n da tapólì bò ó, kí n padà wá láàárọ̀, àmọ́ kí n má fi ohunkóhun kan irin náà, kódà ọwọ́.

Nírọ̀lẹ́, ojú ọ̀run ṣú. Ẹ̀rù bà mí. Ẹ ò jẹ́ kí irin yẹn wà níhòòhò rí. Gbogbo ọjọ́ Àìkú, tí ẹ bá fọ ọkọ̀ tán, ẹ á bu ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì ti lò, ẹ á fi àkísà pa ilẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ lára bí ẹni ń pa ọmọ tuntun lára, kó má bàa dípẹtà. Mo ti ń ṣe é lẹ́yìn yín, mi ò pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ. Mo gbé agolo ọ́ìlì, mo kúnlẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀. Mo rántí ohun tí Ọ̀gá Múfú sọ, mo rántí rẹ̀ dáadáa, àmọ́ ojú òjò ni mò ń wò. Mo pa á lára títí tó fi ń dán.

Láàárọ̀, bí mo ṣe ń ká tapólì kúrò, òjò wínníwínní kán sí i. Omi náà kò dúró síbì kankan. Ó ń yí gbirigbiri lórí ọ́ìlì, ó ń sá lọ.  Ohun tí omi ṣe yẹn ni rọ́bà máa ṣe. Mo fi àkísà gbígbẹ nù ún títí ojú ò fi rí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Mo gbé Àmíná dání, torí ara rẹ̀ ń gbóná díẹ̀, mo sì wa ọkọ̀ lọ sí Challenge. Mo ti pinnu pé mi ò ní sọ̀rọ̀. Ojú ń tì mí, ọjọ́ mẹ́rin ló sì kù kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé.

Ọ̀gá Múfú lẹ bébà yí etí ọkọ̀ ká. Ó ti sọ fún mi pé òun ò ní rọ́bà mìíràn lẹ́yìn èyí. Mo pọn ọmọ, mo lọ dúró lókèèrè kí òórùn má bàa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ṣí dúrọ́ọ̀mù kan, ó gbé èkejì sókè láti dà á lé e. Ẹnu mi ló ṣáájú mi.

“Ẹ dúró, Ọ̀gá. Mo fi ọ́ìlì pa á lára nírọ̀lẹ́ àná.”

Ó gbé dúrọ́ọ̀mù sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó fi ìka kan fa ilẹ̀ ọkọ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ní tí òun bá fín in báyìí, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ èmi ni mo máa ká a bí ẹní, kí n lọ tẹ́ ẹ fún ọmọ mi. Ó wá bi mí pé ta ló kọ́ mi ní irú ìyẹn. Mo ní bàbá mi ni. Ó bèèrè iye ọdún tí ẹ fi ṣe é. Mo ní kí wọ́n tó bí mi lẹ ti ń ṣe é. Ó tún fọwọ́ pa irin náà.

“Ìyá Àmíná,” ló wí, “ọkọ̀ ẹja tó bá ti pẹ́ tó báyìí, asẹ́ ni mo máa ń bá lẹ́yìn rẹ̀. Ihò mẹ́rin péré ni mo bá nínú tiyín. Bàbá yín ló jẹ́ kí n rí irin tí mo máa fín rọ́bà sí.”

Mi ò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú mi. Gbogbo èèyàn ló ń yìn yín pé olóòótọ́ ni yín, pé ẹ kì í fi ẹja ẹlẹ́ja ṣòfò. Kò sẹ́ni tó yìn yín rí nítorí àkísà ọjọ́ Àìkú, títí tí ẹni tí kò mọ̀ yín rí fi fi ìka kàn án.

A bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta: ọṣẹ òun omi gbígbóná, lẹ́yìn náà tínà, lẹ́yìn náà ọṣẹ mìíràn. Lẹ́yìn ìfọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ní kí n wá fọwọ́ ara mi wọ́n omi sí i. Lákọ̀ọ́kọ́ omi ṣì ń yí. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó tẹ́ pẹrẹsẹ lórí irin, kò sá mọ́. Ó nù ún gbẹ, ó jẹ́ kí oòrùn pa á dáadáa, kó tó da dúrọ́ọ̀mù méjèèjì pọ̀. Ẹ̀ bá fẹ́ràn láti wò ó. Kò kánjú, kò sì dúró. Ó fín in lóòró, ó fín in ní ìbú, apá rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, bíi ti ẹni tó ń gbálẹ̀ fún àlejò pàtàkì. Rọ́bà náà kọ́kọ́ ń dán bí omi, lẹ́yìn náà dídán rẹ̀ kú, ó wá hu èèpo. Ó ní láti òní lọ, ọṣẹ àti omi nìkan, kí n má fi ọ́ìlì kàn án mọ́. Ṣé ẹ ò ní bínú sí ìyẹn?

Àná ni ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé. Bùọ̀dá Làsísì jókòó tì mí níwájú ọkọ̀ láti Agbówó dé Olúyọ̀lé, torí kí wọ́n lè gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi níbẹ̀ gan-an. Bàbá tó ń ṣọ́ géètì sún bàtà rẹ̀ sẹ́yìn kó tó da garawa omi. Ó dà á, ó tún da èkejì. Ó bẹ̀rẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, Bùọ̀dá náà wá bẹ̀rẹ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wo abẹ́ ọkọ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Kò kán. A tún dúró. Kò kán.

Bàbá náà di ìbàdí mú, ó dìde, ó ṣí géètì. “Máa wọlé.”

 Mo fi ẹ̀yìn wọ ibi tí wọ́n ti ń kó ẹrù, mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀, omi náà dà jáde. Kí n tó yíjú padà, Bùọ̀dá ti bọ́ aago ọwọ́ wọn sínú àpò, wọ́n ti ká apá ẹ̀wù wọn sókè, wọ́n ti gun ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ. Wọ́n ń gba páálí, wọ́n ń tò ó: àwọn tó wúwo sí ẹ̀gbẹ́ orí ọkọ̀, àwọn tó fúyẹ́ sí etí, àlàfo ìbú ọwọ́ kan láàárín fún afẹ́fẹ́. Bí ẹ ṣe máa ń tò ó gẹ́lẹ́ ni. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti wò yín rí débi tí wọ́n á fi mọ̀ ọ́n.

Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere, kó sì bá mi fi ẹnu mi kí yín.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín ju bí bírò yìí ṣe lè kọ ọ́ lọ.